Èdè ọjà kọ́ ni èdè amphi

Nígbà tí èsì bákì bá jáde, fóònù olùkọ́ kì í sinmi. Òbí kan á pè, á ní ọmọ òun ti yege, ibo ni kó lọ? Òmíràn á pè láti Nàìjíríà, á ní wọ́n sọ fún òun pé yunifásítì wà ní Parakou, ṣé ibẹ̀ dára? Kí n tó dáhùn, ìbéèrè kejì á ti jáde: "Olùkọ́, ṣé àwọn Yorùbá wà níbẹ̀?"

Ìdáhùn mi ni pé wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí owó àti ọdún ọmọ ló ń ṣòfò lórí rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń mú kí wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ìhà Nàìjíríà wọ Parakou, ara rẹ̀ kì í pẹ́ balẹ̀. Ó dé ọjà Arzèkè, ó gbọ́ tí wọ́n ń ná aṣọ ní Yorùbá. Ó dé Albarika níbí, ó rí ìyá tó ń ta àmàlà, ó rí ẹni tó mọ ìlú baba rẹ̀. Kódà, Bàrìbá tàbí Dẹ̀ndì tó ń tajà lè dá a lóhùn ní Yorùbá. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, á ti pe ilé: "Màámi, ibí yìí dà bí ilé." Òótọ́ ni. Ọjà dà bí ilé. Àmọ́ kì í ṣe ọjà lọmọ wá kàwé. Lọ́jọ́ Ajé, yóò jókòó sínú amphi láàárín èrò, ọ̀jọ̀gbọ́n yóò wọlé, yóò kí wọn ní Faransé, yóò kọ́ wọn ní Faransé, yóò sì jáde. Ìdánwò, iṣẹ́ ilé, ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ọ́fíìsì scolarité, Faransé ni gbogbo rẹ̀. Èdè tó fi ra àmàlà kò lè gbà á níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká to ìbéèrè wa bó ṣe yẹ. Èkíní: ta ló mọ ìwé ẹ̀rí ilé ìwé yẹn? Èkejì: èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ni, ṣé ọmọ mi sì gbọ́ ọ tó? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò mọ ọmọ mi níbẹ̀? Inú ìbéèrè kẹta yìí ni "ṣé Yorùbá wà níbẹ̀" ti ń wọlé, kò sì ju ìdajì ìdáhùn lọ.

Ní ti èkíní, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé e jáde pé akọ̀ròyìn wọn kan gba ìwé ẹ̀rí digirí láti Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi í wọ NYSC ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kínní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, Tahir Mamman, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 22,700 ló gba ìwé ẹ̀rí ayédèrú láti orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ó ní yunifásítì mẹ́jọ péré ni ìjọba òun mọ̀: mẹ́ta ní Tógò, márùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ síbí yìí, ẹ̀yin ará Parakou. Yunifásítì ìlú wa wà lára márùn-ún yẹn, pẹ̀lú Abomey-Calavi. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn ń kọjá lára wa, tí wọ́n ń lọ san owó gọbọi fún ilé alájà méjì kan ní Kútọnu tó kọ "International" sára ògiri, ohun tí wọ́n ń wá wà níbí, ní Àráfátì, nítòsí wa.

Mi ò sọ pé gbogbo ilé ìwé aládàáni ló burú o. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ wà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sì ń ṣe ìdánwò àpapọ̀ fún licence àti master àwọn ilé ìwé aládàáni kí ìwé ẹ̀rí wọn lè ní iyì. Ó dùn mí pé ọmọ tó jókòó kàwé tọkàntọkàn fún ọdún mẹ́ta náà jìyà ohun tí àwọn tó ń ta pépà dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò le. Licence jẹ́ sẹ́mẹ́sítà mẹ́fà, 180 crédits. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò fún ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí oṣù mẹ́fà, ìwé kọ́ ló ń kọ́ ọmọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìlú tí ọmọ yóò ti lo ìwé náà. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni yóò padà sí, Abuja ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè ní ọdún tí ọmọ ń wọlé gan-an, torí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè yí padà.

Ìbéèrè kejì ló ń pa àwọn ọmọ wa láti Nàìjíríà jù. Ọmọ tó mọ ìwé dáadáa ní Ìlọrin, tó gba A nínú ìṣirò, lè wọ amphi ní Parakou kó má gbọ́ gbólóhùn mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì. Orí rẹ̀ pé, èdè ni kò sí. Nígbà tó bá yá, ìtìjú á mú un. Kò ní lè na ọwọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Á máa jókòó sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa kíláàsì jẹ, á padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Yorùbá, níbi tí ara ti tù ú. Ibẹ̀ ni ọjà tó dà bí ilé ti ń di ibi ìsápamọ́sí. Lẹ́yìn ọdún méjì, Yorùbá rẹ̀ á ti dùn sí i, ṣùgbọ́n crédit rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n ka ọdún kan mọ́ ìṣirò wọn: ọdún Faransé. Kì í ṣe oṣù méjì, kì í ṣe "á máa kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́." Ọdún kan gbáko kí ọmọ tó wọ licence. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ mọ èyí, òun ló fi dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Badagry ní 1991, kí akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lè máa gbé inú èdè náà, kó máa jí sínú rẹ̀, kó máa sùn sínú rẹ̀. Ní Abomey-Calavi, ilé ẹ̀kọ́ èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní CEBELAE, tó ń kọ́ àjèjì ní Faransé. Ẹni tó bá lè ṣe irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Yóò jáde pẹ̀lú Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Mélòó ni irú wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Ẹ wo ọmọ Sábẹ̀ẹ́ kan tí ayé mọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì tó ṣaláìsí ní 2020. Yorùbá ni èdè ilé rẹ̀, Faransé ni èdè orílẹ̀-èdè rẹ̀. Síbẹ̀, ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó kọ́ni ní Florida ní Amẹ́ríkà, ó ṣojú Bẹ̀nẹ̀ ní UNESCO, ó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà láti 2007 sí 2009. Kò fi Yorùbá sílẹ̀ kó tó gba Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan kò lé èkejì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí àwa tí a ń gbé Parakou. Ọmọ tiwa kò ní ìṣòro Faransé tó bẹ́ẹ̀, ó ti fi kàwé láti kékeré. Ìṣòro tiwa ni orúkọ. Òbí máa ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ òun wà ní Calavi. Abomey-Calavi ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tiwa sì bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Ẹ̀gbọ́n ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin, ètò ọrọ̀ ajé, tàbí ìmọ̀ èdè àti àwùjọ, gbogbo rẹ̀ wà ní Parakou. Kí ni ẹ fẹ́ fi ọ̀nà tó tó bíi 400 kìlómítà ṣe? Owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ nígbà ọdún àti nígbà àìsàn, ẹ kó wọn jọ kí ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ti École Polytechnique ní Calavi lọmọ fẹ́, tí máàkì rẹ̀ sì tó o, kó lọ, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi pinnu, kì í ṣe orúkọ ìlú.

Kí ẹ sì jókòó ti ọmọ nígbà tó bá ń kọ ohun tó yàn sórí Après mon bac. Bí ó ṣe to àwọn ẹ̀kọ́ náà lè sọ ọ́ di ẹni tó gba bourse tàbí ẹni tó ń san owó lápò baba rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó lọ kọ ọ́ ní síbà lóun nìkan pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta wá kù: ta ni yóò mọ ọmọ mi níbẹ̀? Àwọn kan á sọ pé, "Olùkọ́, ọmọ tí kò rí ènìyàn rẹ̀, àárò ilé á pa á." Mo gbà. Nígbà tí ibà bá mú ọmọ lóru, ìyá tó ń ta àmàlà ní Albarika ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀bùn ńlá ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò yá a ní nóòtì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì lè jẹ́ ọmọ Bàrìbá láti Nikki, tàbí Fọ̀n láti Bohicon. Ẹni tí yóò sọ fún un pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú lè jẹ́ Dẹ̀ndì láti Malanville. Ọmọ tó bá ń gbé ilé tí gbogbo ayálégbé jẹ́ Yorùbá, tó ń jẹun lọ́dọ̀ Yorùbá, tó ń rìn pẹ̀lú Yorùbá nìkan, kò tíì dé yunifásítì náà, bó tilẹ̀ ti san owó rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń lọ kò pọ̀. Wá ẹgbẹ́ ìkàwé ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí, kí ó má jẹ́ ará ilé rẹ nìkan ni yóò wà nínú rẹ̀. Mọ responsable kíláàsì rẹ, kí òun náà mọ̀ ọ́ lórúkọ. Kọ́ ìkíni ní Bàrìbá àti Dẹ̀ndì, torí inú onílé máa ń dùn bí àlejò bá kí i ní èdè rẹ̀. Jókòó sí iwájú. Béèrè ọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́, bí wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ara wa ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń pe ara wọn ní aṣojú ilé ìwé. Ọmọ á ti Nàìjíríà dé, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń fún wọn ní ìpín, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Wọn kò ní sọ fún un pé 90 ọjọ́ ni ọmọ ECOWAS lè fi wà nílùú láìní ìwé ìgbélùú, kó lè tètè lọ ṣe tirẹ̀. Yorùbá tó dáa ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Torí Yorùbá yẹn ló ṣe gbà wọ́n gbọ́.

Nítorí náà, bí ẹbí yín bá pè yín lọ́sẹ̀ yìí pé ọmọ ń bọ̀ ní Parakou, ẹ má kàn sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, Yorùbá wà níbí." Ẹ mú un lọ sí scolarité fúnra yín, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè àti iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ bi í bóyá ó gbọ́ Faransé. Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n tó tú owó sílẹ̀. Bó bá sì ti wọlé, ẹ pè é wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kàwé ní Parakou tàbí ní Calavi, ẹ kọ ìrírí yín sísàlẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i kà.