Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Wà Lókè? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjàkadì Orí Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ tú wa ká ní ilé ìgbé wa. Ìjàkadì orí ìwé ni eré náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ọkàn dá oníjàkadì kan, yóò fún un lórúkọ, yóò ṣe oríkì fún un, yóò sì pín agbára 20 fún apá, ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n rẹ̀. Bí méjì bá pàdé, a ó ju dáìsì lúdò, a ó rò ó mọ́ agbára wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ nìyẹn. A ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Inú ìwé yìí gan-an ni ìjà gidi ti bẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀nà tí a fi ń to àwọn oníjàkadì sí ipò kò tọ́.

Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé a ó yọ iye ìgbà tí ènìyàn ṣubú kúrò nínú iye ìgbà tí ó dá ẹlòmíràn. Ẹni tí ó wà lókè ti dá ènìyàn 19, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n 14 nínú àwọn tí ó dá jẹ́ ti àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní tí wọn kò tí ì mọ bí a ṣe ń pín agbára. Ẹni tí ó wà ní ipò kẹfà dá 9, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àgbà ọ̀jẹ̀ sì ni gbogbo àwọn tí ó bá jà. Nígbà tí ó pe ẹni òkè níjà, èsì tí ó gbà ni pé ọwọ́ dí. Kí ni yóò ṣe tí ọwọ́ kò fi ní í dí? Bí ó bá jà, ó lè ṣubú. Bí kò bá jà, kò sí ohun tí ó máa yẹ ipò rẹ̀. Ó sàn fún un kí ó máa wá ọmọ tuntun tí yóò dá. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tuntun náà kò sì wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni yóò jogún eré yìí nígbà tí àwa bá gboyè jáde.

Ìka kò dọ́gba, ìṣẹ́gun náà kò dọ́gba. Àwọn aṣẹ́ẹ̀sì ti rí èyí tipẹ́. Arpad Elo, ẹni tí wọ́n bí ní Họ́ngárì tí ó wá di olùkọ́ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ètò tí ẹgbẹ́ aṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbà ní 1960, tí ẹgbẹ́ àgbáyé sì gbà ní 1970. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí a tó jà, máàkì tí àwa méjèèjì ní ti sọ ẹni tí a ń retí pé yóò borí. Bí ẹni tí a ń retí bá borí, máàkì díẹ̀ ni yóò gbà lọ́wọ́ èkejì. Bí ẹni tí a kò retí bá borí, yóò gba púpọ̀. Ohun tí ẹni tí ó borí gbà ni ẹni tí ó ṣubú pàdánù.

Bí a bá fi 32 ṣe òdiwọ̀n, àwọn méjì tí máàkì wọn dọ́gba yóò jà fún 16. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju èkejì lọ, 8 péré ni yóò rí bí ó bá borí, ṣùgbọ́n èkejì yóò rí 24 bí ó bá dá a. Bí ó bá jẹ́ 400 ni àlàfo náà, 3 ni alágbára yóò rí, 29 ni aláìlágbára yóò rí. Ẹ wò ó báyìí: ẹni tí ó ní 1200 tí ó dá ọmọ tuntun 14 tí wọ́n ní 800 kò lè rí ju 42 lọ. Bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní 1000, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Àwọn kan ní ìṣirò náà le. Kò le tó àpapọ̀ máàkì tí gbogbo wa ń fi ìka ṣe ní ìparí sáà kí a tó lè sùn. A lè kọ iye rẹ̀ sára ògiri kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣe ìṣirò kankan.

Ṣùgbọ́n ètò Elo nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ó bá ti gòkè ṣì lè jókòó ti máàkì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníjàkadì súmò ní ilẹ̀ Jàpáàní ni mo ti rí oògùn èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe ìdíje ńlá lọ́dún, àwọn ìpele òkè sì ń jà fún ọjọ́ 15. Ẹni tí ó bá borí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ti yege. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ sílẹ̀. Bí o kò bá wá, ìṣubú ni wọn yóò kọ fún ọ. Yokozuna nìkan, ẹni tí ó ga jù, ni wọn kì í rẹ̀ sílẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá tán, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń retí pé kí ó fẹ̀yìn tì. Ìtìjú ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ipò yẹn. N kò rò pé ìtìjú lè ṣọ́ tiwa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí kò bá jà lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní sáà kan pàdánù 16 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó kù, kí a má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ìpèníjà ẹni tí ó súnmọ́ ọn ní ipò mẹ́ta.

Àwọn kan ní kí a fi máàkì kún un fún ẹni tí oríkì oníjàkadì rẹ̀ bá dùn jù. Àbá yìí dùn mọ́ mi nínú, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí, ta ni yóò sì gbọ́ oríkì Ọ̀fà tí kò ní í ronú kan ìjàkadì? Síbẹ̀ oríkì kì í dá ènìyàn. Kí a ya ẹ̀bùn tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ipò kò já mọ́ nǹkan kan, wọ́n sì ń fi Ọdúnayọ̀ Adekuoroye ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba fàdákà ní ìdíje àgbáyé ní Paris ní 2017, ó gba idẹ ní 2019, ọ̀pọ̀ ló sì gbójú lé e ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021. Ní ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Anastasia Nichita ti Moldova fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Blessing Oborududu ti gba fàdákà, àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìjàkadì Òlíḿpíìkì. Èmi kò rí ẹ̀bi ipò nínú èyí. Ohun tí ènìyàn ti ṣe ni ipò ń sọ, kò búra fún ẹnikẹ́ni nípa ọ̀la. Ètò tí ó dára yóò kàn bu máàkì púpọ̀ fún Nichita ní alẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ó ku ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹni òkè fẹ́ kí ó gbé àǹfààní rẹ̀ wọ inú ètò tuntun. Èmi ní rárá. Kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ láti 1000 ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sáà tí ń bọ̀, àti òun àti ọmọ tuntun. Ìwé àtijọ́ kò ní í sọnù. Yóò wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ka 19 náà lè wá kà á níbẹ̀.