Ẹ Ṣí Ìlẹ̀kùn Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ìwà kan wà tí ó ti mọ́ àwọn ilé ìkàwé wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Òun ni mo sì fẹ́ bá jà lónìí. Ìwà náà ni pé kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà fún ìlò gbogbo ènìyàn, kí wọ́n tò ó sórí tábìlì, kí wọ́n fi aṣọ bò ó bí ẹni bo òkú, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè, èsì tí yóò gbọ́ ni pé, "Wọn yóò bà á jẹ́." Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ta ni wọ́n wá ń tọ́jú rẹ̀ dè? Ohun tí a kò lò nítorí kí ó má baà bàjẹ́, ṣé kò ti bàjẹ́ ná? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí ó bá ṣe pé ìlú tí ojú kò tíì là ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Mainland Èkó ni mò ń sọ. Ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá, ibẹ̀ ni ẹ̀ka Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà wà, ibẹ̀ náà ni ilé ìkàwé tí wọ́n fi orúkọ Macaulay pè wà. Ní àdúgbò kan náà ni CcHUB ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ láti 2011. Yaba College of Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 kò jìnnà síbẹ̀, Yunifásítì Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 sì wà ní Akọka. Ṣùgbọ́n bí ọmọ oníṣòwò kan bá wọ ọkọ̀ láti Múṣin, tí ó fẹ́ mọ bí a ti ń di asin kọ̀ǹpútà mú, káfẹ́ olówó ni yóò lọ, níbi tí wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́rùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré ni. Láti 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Nígbà tí ó di 2015, wọ́n pa ti bébà rẹ́ pátápátá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà nílé ní Sùúrùlérè àti ọmọ tí kò fọwọ́ kàn án rí jọ ń jókòó sí yàrá kan náà, aago kan náà ni ó sì ń lu fún àwọn méjèèjì. Èkejì ń wá ibi tí yóò tẹ̀, èkíní ti dé ìbéèrè kẹwàá. Yàrá tí ilé ìkàwé tì pa yẹn ni ibi kan ṣoṣo tí ìbá ti mú àwọn méjèèjì dọ́gba lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ń ba kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé jẹ́ ní tòótọ́. Kì í sábà jẹ́ ọwọ́ ọmọ náà. Fláàṣì tí ó ti kiri gbogbo ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni ó gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ẹnìkan gbé eré ìdárayá sí i, ẹlòmíràn pa fáìlì tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ẹ̀kẹta fi pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ tí ó ti jẹ́ tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dìde kí àwọ̀ tó pupa mọ́. Alákòóso pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ gba owó, ó nu gbogbo rẹ̀, ó tún un tò. Oṣù mẹ́ta òmíràn, wọ́n tún pè é. Nígbà tí owó tán, wọ́n ra kọ́kọ́rọ́.

Oògùn àrùn yìí sì ti wà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Sọ́fítíwíà kan ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Faronics ní Kánádà ń tà lábẹ́ orúkọ Deep Freeze. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: alákòóso yóò kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ náà ṣe dáadáa, yóò wá sọ pé, "Bí o ti wà yìí ni kí o máa wà." Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí òǹlò bá kọ sórí dísìkì, sọ́fítíwíà náà kò jẹ́ kí ó kan ojúlówó ohun tó wà níbẹ̀, apá ọ̀tọ̀ ni ó ń darí rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì tún tàn án, a gbàgbé gbogbo ohun tó wà ní apá ọ̀tọ̀ yẹn, ẹ̀rọ a sì padà sí bí ó ti wà ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Àwa ọmọ Yorùbá kọ́ ni ó yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí. Babaláwo tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn. Nígbà tí ó bá kí i tán, ó fi ọwọ́ nù ún, ojú ọpọ́n a tún mọ́ fún ẹni tí ó kàn. Ọpọ́n kò bàjẹ́, ẹni ìṣáájú kò sì fi àṣírí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí kò kéré. Nọ́ńbà NIN, ìwé ẹ̀rí, lẹ́tà ìwáṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn ń ṣí sórí ẹ̀rọ ilé ìkàwé. Láti 2023 ni òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà. Ilé ìkàwé tí ó fi ìwé Táyé sílẹ̀ fún Kẹ́hìndé láti kà kò lè sọ pé òun kò gbọ́.

Àwọn alátakò mi kò dákẹ́, mo sì gbà pé ẹnu wọn kò ṣófo. Wọ́n ní, "Ní Èkó tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, ọmọ tó ti tẹ ojú ìwé mẹ́rin, bí NEPA bá mú iná, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti run." (NEPA ti parẹ́ láti 2005, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò gbàgbé rẹ̀.) Òótọ́ ni. Kò sí babaláwo tí ń nu ọpọ́n kí ó tó kífá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀ gbà kí a ya apá kan dísìkì sọ́tọ̀ tí a kò ní nù, kí àwọn òǹkàwé máa fi iṣẹ́ pamọ́ síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. UPS kékeré kan yóò fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀. Bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì, tí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí o bá fi síbí yóò parẹ́, èló ni? Alákòóso tí ó dì ẹ̀rọ rẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, olè iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń pè é.

Irú alákòóso mìíràn wà tí n kò ní ṣàì bá wí. Ó dì í tán, ó gbàgbé. Ó rò pé ẹ̀rọ tí kò yí padà kò lè ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀! Bí ihò bá wà lára ògiri ní ọjọ́ tí o dì í, ihò náà ni yóò máa padà wá ní gbogbo òwúrọ̀. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 7 dúró ní oṣù kìn-ín-ní 2020, ó dáwọ́ ti Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ wọlé, nítorí ó ń béèrè ohun èlò ààbò tí kò sí lára wọn. Microsoft yìí kan náà ti fi irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ tọrẹ rí, SteadyState ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ìparí 2010. Nítorí náà, ẹni tí ó gbára lé ọ̀rẹ́ ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn nílé. Lórí Linux, èyí tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, a lè ṣe àkáǹtì àlejò tí ohun inú rẹ̀ yóò pòórá bí àlejò bá ti jáde, ẹ̀rọ arúgbó a sì tún máa rìn lórí rẹ̀. Èyíówù kí a lò, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà nínú oṣù tí a ó yọ́ ẹ̀rọ náà, tí a ó tún un ṣe, tí a ó sì tún dì í. Ènìyàn méjì, ó kéré tán, ni ó gbọ́dọ̀ mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo mọ ibì kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ẹnìkan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n ti gba ìgbéga lọ sí ọ́fíìsì mìíràn. Àwọn tó kù ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo igbó orò.

Àwọn kan yóò ní kí a kó gbogbo arúgbó wọ̀nyí lọ sí Aláàbà, kí olóṣèlú ra tuntun. Inú olóṣèlú yóò dùn. Yóò gé rìbọ́ọ̀nù, wọn yóò ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n tuntun tí a kò dáàbò bò yóò darúgbó láàárín ọdún kan, kọ́kọ́rọ́ àná ni wọn yóò sì tún fi tì í.

Ìbéèrè mi sí ẹgbẹ́ wa kò le. Àwọn ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà láàárín wa, ẹ yọ̀ǹda Sátidé kan lóṣù. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé tó súnmọ́ yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà wà, níbo ni òǹkàwé lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí, ìgbà wo ni wọ́n sì tún àwọn ẹ̀rọ náà ṣe kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ti rìnrìn àjò, ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò dé, kí ẹ sì padà lọ ní ọjọ́ náà.