ṢÉ ỌJÀ NÁÀ NI ỌMỌ Ń LỌ KỌ́ NÍ YUNIFÁSÍTÌ? ARÁ ITAGUNMODI, Ẹ MÁ TÍÌ RẸ́RÌN-ÍN!

Bí ọmọbìnrin kan bá délé, tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ òfin òwò àti ìmọ̀ ọjà títà ní yunifásítì, tó sì jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, ìyá ìyá rẹ̀ ta aṣọ, kí ni wọ́n máa sọ fún un? Ṣebí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní: "Ọjà náà lo fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́? Wá jókòó tì mí ní ìsọ̀, n ó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́!" Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn dùn o, ṣùgbọ́n ó léwu. Ó sì léwu jù fún irú ìlú bí Itagunmodi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, níbi tí kòkó wà lórí ilẹ̀, tí wúrà wà nínú ilẹ̀, tí àjèjì sì ń wá ra méjèèjì.

Ká kọ́kọ́ fi ti Ìjẹ̀ṣà fún Ìjẹ̀ṣà. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn ní ọjà títà. Ta ni kò gbọ́ ti òṣómàáló? Àwọn ni wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú àti abúlé láyé àtijọ́, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí oníbàárà á máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní orí òṣó ni òun máa wà títí owó òun á fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Nǹkan mẹ́rin ni olùkọ́ ìmọ̀ ọjà títà máa ń kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ọjà wo la fẹ́ tà, èló la ó tà á, ibo la ó gbé e dé, báwo la ó ṣe polówó rẹ̀. Òṣómàáló mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìdé yunifásítì. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lónìí lè ra aṣọ lónìí bí wọ́n bá pín owó náà fún un. Ọgbọ́n ọjà gidi nìyẹn.

Òfin òwò náà ńkọ́? Òun náà wà lọ́jà, a ò kàn pè é lórúkọ ni. Ẹ wo ìdúnàádúrà. Oníbàárà béèrè iye, ọlọ́jà ní 5,000 náírà. Oníbàárà ní 3,000, ọlọ́jà ní kò gbà. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, oníbàárà ní òun á san 4,000. Ọlọ́jà ní, "Ó dáa, mú owó wá." Bí oníbàárà bá wá ní òun ò rà mọ́, háà! Ariwo á sọ. Gbogbo ìsọ̀ tó yí wọn ká á ní ìwà yẹn kò dáa. Bí ìwé òfin òwò ṣe wí náà nìyẹn: ẹni kan dá iye, ẹnì kejì gbà á, àdéhùn ti so. Bí ẹnì kejì bá sì dá iye tirẹ̀, iye ti àkọ́kọ́ ti kú nìyẹn, àfi kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà sì ní tirẹ̀ nínú ìwé òfin 1959. Ó ní ẹni tó ń ta ọjà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ bá orúkọ tí wọ́n fi tà á mu, kó sì bá àpẹẹrẹ tí wọ́n fi han oníbàárà mu. Ẹni tó da ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní sójú àpò, tó fi èyí tí kòkòrò ti jẹ sísàlẹ̀, ti rú òfin yẹn. Káfíńtà tó ní igi ìrókò lòun fi kan àga, tó sì jẹ́ pé igi mìíràn ló fi kàn án, òun náà ti rú u.

Ìtàn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin òwò kì í mọ́kàn kúrò lórí rẹ̀. Ní London, ní 1891, ilé iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball polówó oògùn kan nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí àìsàn fulúù bá tún mú un, àwọn á fún un ní 100 pọ́n-ùn. Wọ́n tún ní 1,000 pọ́n-ùn ti wà ní báǹkì, kí aráyé lè mọ̀ pé àwọn kò ṣeré. Ìyáàfin Carlill rà á, ó lò ó bí wọ́n ṣe wí, fulúù sì gbé e dè. Ó ní kí wọ́n kó owó òun wá. Wọ́n ní ìpolówó lásán ni. Lásán kẹ̀? Ní 1892, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ẹnu wọn ti so wọ́n, kí wọ́n san án. Nílé wa níbí náà, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ka ìpolówó ẹ̀tàn léèwọ̀. Kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo "bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá gbowó yín" máa rántí Ìyáàfin Carlill o.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ọjà ti mọ gbogbo èyí, kí wá ni ọmọ ń lọ kọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọgbọ́n ọjà ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú ti rí ojú. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ìwé dé ni nǹkan ń yí padà. A lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí a mọ ilé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà l'Ékòó tàbí l'Ábújá, ẹnu ọ̀nà wo la fẹ́ lóṣòó sí?

Ẹ gbọ́ òfin kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ti kọ ọ́, ó ti jẹ́rìí pé ohun tí ẹni náà rán òun gan-an lòun kọ, pé òun kà á fún un, òun sì túmọ̀ rẹ̀ yékéyéké kó tó tẹ̀ka. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ìwé mélòó lẹ ti tẹ̀ka sí láìrí orúkọ ẹni tó kọ ọ́? Ọmọ tó kọ́ òfin òwò ló máa béèrè pé, "Ìyá mi, orúkọ akọ̀wé dà?"

Ọ̀rọ̀ wá kan kòkó. Ilẹ̀ pupa Itagunmodi gba kòkó débi pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe irú ilẹ̀ kan nínú ìwé wọn. Láti 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kòkó títà sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yí padà, ètò rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ló ń dá iye tí wọ́n á san fún àgbẹ̀. Ní 1986, ìjọba tú u ká. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ àti alágbàtà ló ń kojú ara wọn. Alágbàtà mọ iye tí wọ́n ń rà á nílẹ̀ òkèèrè. Àgbẹ̀ tí kò ní ẹni tó lè wádìí iye, tó lè kó kòkó àwọn aládùúgbò jọ kí wọ́n lè jọ dúnàádúrà, iye tí wọ́n bá pè ló máa gbà. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ọjà títà nìyẹn.

Wúrà ló wá le jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ni oko ló ni wúrà abẹ́ rẹ̀. Rárá o. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ wà á. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóru, kó rántí òfin ọjà títà: ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan kò lè tà á fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò gbàgbé ará ìlú. Ó ní kí ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó wà níbẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú. Òfin náà ka ohun tó lè wà nínú rẹ̀: owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ ìlú, iṣẹ́ kíkọ́ àti iṣẹ́ ṣíṣe, ìrànlọ́wọ́ fún ilé ìwé àti ìlera, àtìlẹ́yìn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké, àti ètò títa irè oko. Ẹ tún un kà! Ọlọ́jà wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, owó ilé ìwé wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ àdéhùn náà wò.

Ta ló máa jókòó ti àwọn àgbà ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé? Lọ́yà ilé iṣẹ́ á wà níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó fún un ló sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ìlú náà nílò ọmọ tirẹ̀, tó lè ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé, tó sì mọ iye tí ìsọ̀ kan nílò kó tó lè dúró. Wúrà kò ní í jẹ́ kí àlejò dáwọ́ dúró. Ní 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà jáde ní Segilola, ní Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà níbẹ̀ yẹn.

Kí òbí má ṣe ṣì í gbọ́ o. Òfin òwò tí wọ́n ń kọ́ ọmọ tó ń ka ìṣàkóso òwò tàbí ìṣirò owó kì í sọ ọ́ di lọ́yà. Ọdún mẹ́rin ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di lọ́yà máa lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, á sì tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ti Nàìjíríà. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òkúkù ni ti ìṣàkóso òwò wà, Ìfẹ́tẹ̀dó ni ti òfin. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà wà nítòsí. Èyíkéyìí tí ọmọ bá mú, krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n máa bi í, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìṣirò kò sì ṣeé fi ṣeré fún ẹni tó ń lọ sídìí òwò.

Ìyá tó ní òun á kọ́ ọmọ ní ìsọ̀ kò parọ́. Kó kọ́ ọ lóòótọ́, ní ọlidé. Ọmọ tó mọ ìdúnàádúrà láti ìsọ̀, tó tún mọ òfin láti kíláàsì, òun ni alágbàtà kò ní í rí rẹ́ jẹ. Kí Itagunmodi dá owó jọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá ti òkú àti ìyàwó. Títí yóò fi jáde, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò kà sí i létí.