Jẹjẹrẹ ìfun ńlá: Ẹni tó bá tètè dé ni ihò kékeré wà fún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ yín láàárọ̀ ọ̀la, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Mo mọ ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú yín: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà tí mo ń jẹ ló pọ̀ jù." Ó tán, ó di ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ní gáréèjì.

Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí máa ń mú kí èèyàn ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àgbo ò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Ẹni tó bá sì fi àgbo jẹ́ kí àkókò lọ lè pàdánù iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, tí àwọn dókítà ń pè ní laparoscopy.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń la ikùn aláìsàn gbọọrọ kí wọ́n tó lè gé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ní báyìí, wọ́n lè lu ihò mẹ́ta sí márùn-ún péré. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ carbon dioxide fẹ ikùn kí àyè lè wà, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ ihò kan, wọ́n á máa wo inú lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n á wá fẹ ihò kan lójú díẹ̀ láti fa ibi tí wọ́n gé jáde.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1990, ẹ̀rù ba àwọn dókítà fúnra wọn: ṣé jẹjẹrẹ ò ní gba ojú ihò náà tàn kálẹ̀? Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 872 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó jáde ní 2004, ló fọkàn wọn balẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, jẹjẹrẹ padà sára 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lu ihò fún, àti 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n la ikùn wọn. Ọgbọọgba ni ká pè é. Àwọn oníhò ló sì tètè kúrò ní ọsibítù.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Wọn ò gba ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn kálẹ̀, tàbí tí ìfun rẹ̀ ti dí pa, sínú ìwádìí yẹn. Ẹni tó tètè dé nìkan ni ẹ̀rí náà wà fún. Nàìjíríà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà tí ikùn bá wú, tí ìgbẹ́ ò jáde mọ́, la tó ń lọ sọ́sibítù.

Ẹ má sì sọ pé àìsàn àgbàlagbà ni. Ẹni ọdún 43 ni Chadwick Boseman, òṣèré Black Panther, nígbà tí jẹjẹrẹ yìí pa á ní 2020. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà dín ọjọ́ orí tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kù láti 50 sí 45.

Ẹ máa ní owó dà? Ẹ ò parọ́. Àpò ara wa lọ̀pọ̀ wa ti ń sanwó ọsibítù, ìyẹn lọ́rọ̀ yìí fi kan ìjọba. Àwọn dókítà wa mọ iṣẹ́ náà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ abẹ inú ikùn ní ọsibítù Fásitì OAU, Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, kí gómìnà tó gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ tuntun, kí ètò adójútòfò ìlera máa sanwó colonoscopy, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n ń gba ìdí fi wo ìfun, fún ẹni tó bá ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá rí kókó kékeré níbẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kó tó di jẹjẹrẹ rárá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí ni, á sọ fún yín, ẹ ó sì padà sílé. Tí kì í bá ṣe òun, ihò kékeré ṣì lè tó o.