Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́: Òwe fún Awakọ̀ Tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Kú Lófurufú

"Bí omi bá dànù, bí agbè kò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn" jẹ́ òwe tí Yorùbá sábà máa ń fi tu ẹni tí àdánù bá nínú, pàápàá ìyá tí ìkókó rẹ̀ kú ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ yè. Nítorí pé lẹ́yìn tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni a máa ń gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìlànà wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí a ti mọ̀ kí ọ̀ràn tó dé: òwe náà ya ohun tó ní àrọ́pò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní, ó sì fi hàn pé bí a kò bá lè gba méjèèjì là, èyí tó ní àrọ́pò ni kí a jẹ́ kó lọ. Ìlànà yìí kì í rọrùn fún awakọ̀ bàálù kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lófurufú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2015, irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kan Harrison Ford, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 72 nígbà náà, tó tún jẹ́ awakọ̀ òfurufú. Òun nìkan ló wà nínú Ryan PT-22, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1942, irú èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń kọ́ awakọ̀ tuntun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò pẹ́ tó gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Santa Monica, ní ìpínlẹ̀ California, tó sì gòkè dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,100 sí ìpele òkun, ni agbára ẹ́ńjìnnì náà lọ. Ó sọ fún àwọn tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́ pé òun ń padà bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé òun kò lè débẹ̀ mọ́, ó yà sí pápá gọ́ọ̀fù Penmar tó wà nítòsí. Bàálù náà gbá orí igi kan, ó sì já lulẹ̀ lórí koríko. Ó bàjẹ́ gan-an, Ford fara pa ní orí, ìbàdí àti kókósẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa nílẹ̀.

Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já bọ́ lójijì; ó ṣì lè máa rọra sọ̀ kalẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ tí eré rẹ̀ kò fi dín jù, nítorí eré ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé apá rẹ̀ ró. Bí awakọ̀ bá wá ń yí padà síbi tó ti gbéra, tó rí i pé ilẹ̀ ń sún mọ́ òun, ọkàn rẹ̀ á máa tì í láti gbé imú bàálù sókè, ibẹ̀ sì ni eré ti ń tán, tí afẹ́fẹ́ kò ní gbé apá ró mọ́, tí bàálù á sì dorí kodò níbi tí kò ga tó fún àtúnṣe. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ awakọ̀ fi ń kìlọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní kété tí bàálù gbéra, kí awakọ̀ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú níwájú rẹ̀.

Ẹni tó ń dù láti padà kì í ṣe òmùgọ̀, nítorí ojú ọ̀nà bàálù ni ibi tí bàálù ti lè balẹ̀ láìfọ́. Omi àti agbè, ìyẹn bàálù àti ẹ̀mí ara rẹ̀, ló fẹ́ gbà là pọ̀. Ẹni tó yan pápá ti gbà pé bàálù lè fọ́, ó sì ń fi apá bàálù náà, táyà rẹ̀ àti ara irin rẹ̀ gba ìkọlù tí ì bá dé ara ènìyàn.

Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí ohun méjì nínú bàálù Ford. Èkíní wà nínú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì: ẹ̀yà kékeré kan tó ń díwọ̀n epo ti tú kúrò ní àyè rẹ̀, epo sì pọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè jó lọ. Èkejì ni bẹ́líìtì èjìká, tí wọn kò dè mọ́ ìjókòó bó ṣe yẹ, tó sì mú kí ìfarapa awakọ̀ le sí i.

Ẹ́ńjìnnì ló da omi nù, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni ì bá fọ́ agbè. Kí ọdún 2015 tó parí, Ford ti padà sí ìdí ọkọ̀ òfurufú, bí òwe náà ti ṣèlérí pé a ó tún òmíràn pọn. Àmọ́ ìlérí náà ní àdéhùn, pé kí agbè má fọ́, àwọn tó sì ń mú àdéhùn yìí ṣẹ ni awakọ̀ tó ti pinnu kó tó gbéra pé òun kò ní yí padà bí ẹ́ńjìnnì bá kú nísàlẹ̀, àti mẹkáníìkì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa bẹ́líìtì wò kó tó buwọ́ lùwé.