Pọ́íǹtì bàálù kì í ṣe ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe tìẹ nìkan

Mo ti rí fídíò yẹn tó ìgbà mẹ́fà lọ́sẹ̀ yìí. Bọ̀dá kan jókòó sí business class, ó gbé ife sókè, ó ní ọ̀fẹ́ lòun fi ń bọ̀ ní Èkó, pọ́íǹtì lòun lò. Nísàlẹ̀, gbogbo ayé ń kọ "God when". Ìbéèrè kan péré ni tèmi: màmá ẹ ńkọ́? Ìgbà wo làwọn ọmọ ilé yín rí i kẹ́yìn?

Ẹ má bínú. Mákùn ni mo ń gbé, ní Ṣàgámù. Mo mọ iye ojúde tí ìyá àgbà kan jókòó sí níbí, tó jẹ́ pé inú fóònù ni gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa "ọ̀fẹ́" yẹn tì. Tí o bá fi Avios ti British Airways gba tíkẹ́ẹ̀tì láti London sí Èkó, wàá ṣì san owó gidi lé e: owó orí tí ìjọba UK ń gbà lórí èrò, owó pápákọ̀ òfurufú, àti èyí tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé kà á. Wọ́n á ní o lè fi Avios púpọ̀ sí i dín owó náà kù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó dín lápá kan ló pọ̀ lápá kejì.

Owó orí UK yẹn nìkan, ní April 2025 wọ́n gbé e dé £90 fún àgbàlagbà tó bá jókòó sí economy lọ sí irú ọ̀nà Èkó yìí. Business class ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tó bá wà ní economy, kò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tún ìyẹn kà. Òfin fúnra rẹ̀ ń sọ fún yín pé ẹ kó àwọn ọmọ wá sílé ní economy, ẹ̀yin ń bá ife wáìnì kiri.

Ibo tiẹ̀ ni pọ́íǹtì ti ń wá? Nectar tí wọ́n fún ọ ní Sainsbury's máa ń di Avios. Clubcard ti Tesco máa ń di pọ́íǹtì Virgin. Ìyókù, káàdì tí ẹ fi ń san owó gáàsì àti owó oúnjẹ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn kó lè rówó ra ìrẹsì, òun ló ń kó pọ́íǹtì jọ. Ọkọ àtìyàwó ló jọ ṣe é. Ọmọ tó ń jẹ ìrẹsì náà wà ńbẹ̀. Báwo ló ṣe wá di ti ẹnì kan tó fẹ́ na ẹsẹ̀ nínú bàálù?

Àwọn tó ń ta ìwé "bí o ṣe lè fò lọ́fẹ̀ẹ́" sì ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ gba káàdì mẹ́ta. Wọn ò sọ pé tó o bá jẹ gbèsè káàdì yẹn wọ oṣù tó ń bọ̀, èlé rẹ̀ á gbé pọ́íǹtì náà mì, á tún wá ẹran lé e.

Ẹ wá gbọ́ tilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní London pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Ó ní pọ́íǹtì tó lé ní 140,000 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ bàálù kan, mi ò ní dárúkọ. Ọdọọdún ni màmá wa ń béèrè pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. Ọdọọdún ló ń dáhùn pé "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kó pé díẹ̀ sí i." Business class ló fẹ́ fi kó wọn wá, àwọn márààrún. Ó ní òun ò fẹ́ kó ọmọ wálé bí ẹrù.

Ó bímọ kẹta, kò fò mọ́. Ó pa káàdì rẹ̀ tì. Email tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún un, àdírẹ́sì tí kò lò mọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Ọjọ́ tó ṣí áàpù yẹn, òdo ló bá níbẹ̀. Ó pè wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó ti kọjá.

Màmá kú ní February. Kò fọwọ́ kan èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wá sin ín, tíkẹ́ẹ̀tì pàjáwìrì, owó gọbọi, kò sí pọ́íǹtì kankan tó lè gbà á. Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá màmá tí kò lè wọlé.

Mo sọ ọ́ síbí torí òun fúnra rẹ̀ ní kí n sọ ọ́.

Àwọn tó ń ta obì ní Sábó Ṣàgámù mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ. Obì inú agbọ̀n, ewé ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tú u wò, kí wọ́n pààrọ̀ ewé, kí wọ́n ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ tó ń dúró de ọjọ́ tí owó obì máa gbówó lórí jù, ìyàngbò ló máa tà. Avios máa ń kú tí nǹkan kan ò bá wọlé tàbí jáde nínú àkáǹtì fún oṣù 36. Ti Flying Blue, èyí tí Air France àti KLM ń lò, oṣù 24 ni tó ò bá fò. Ti Virgin kì í kú.

Àmọ́ èyí tí kò kú náà ń joró. Owó tí ẹlòmíràn tẹ̀ ni, ẹlòmíràn ló ń pinnu ohun tó lè rà. Ní October 2023, British Airways pa dà sí fífún èèyàn ní Avios gẹ́gẹ́ bí owó tó ná, kì í ṣe bí ọ̀nà tó rìn ṣe jìn tó. Ní October 2024, Virgin jẹ́ kí iye pọ́íǹtì ìjókòó máa gòkè máa sọ̀ bí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì mọ ibi tó máa wà ní December. Àwa tá a rí ohun tójú náírà rí láti June 2023, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa pé ká má tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀ pẹ́?

Ẹ ná an. Ẹ ná an kí àgbà tó lọ.

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé kò le tó bẹ́ẹ̀. British Airways máa ń ṣí ìjókòó pọ́íǹtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 355 ṣáájú ọjọ́ ìrìnnà, ó kéré tán 8 ní economy nínú bàálù ọ̀nà jíjìn kọ̀ọ̀kan. Ìdílé méjì péré ti kó o tán. Ẹni tó bá dé ní October tó ń wá ti December, kí ló fẹ́ rí? Àmọ́ August ńkọ́? Ọjọ́ Àjíǹde ńkọ́? Wọ́n á gbà yín láyè láti da Avios gbogbo ará ilé pọ̀ sójú kan, tọmọdé tàgbà, bí àjọ gan-an. Tí ètò bá yí, ẹ lè fagi lé e tó bá ṣì ku wákàtí 24, kí wọ́n yọ owó díẹ̀, kí Avios pa dà wá. Nílé wa, a máa ń dá owó aṣọ ẹbí jọ lọ́dún kan ṣáájú ìnáwó. Ti bàálù ló wá dòru?

Àwa tá a wà nílé náà ò mọ́. Èmi gan-an wà níbẹ̀. Wọ́n á ní August làwọn lè wá, àá ní "August kẹ̀? Kò sí fàájì nígbà yẹn." Wọ́n á dé tán, a ò tíì jáde ní Ìkẹjà tí ẹnì kan á ti sọ pé "ẹ ò kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì, owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín." Iye èèyàn tó ń sá fún Ṣàgámù nítorí gbólóhùn yẹn kò kéré. Ẹni tó kó ọmọ mẹ́ta wá láti òkè òkun ti mú ẹ̀bùn wá. Àwọn ọmọ yẹn ni.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ da Avios tó kù lọ́wọ́ ọkọ pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ. Wọ́n ṣọ́ òru, wọ́n rí ìjókòó márùn-ún gbà fún August ọdún tó ń bọ̀. Economy. Àbúrò màmá wa tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, òun ló wẹ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n bí i, òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún wa báyìí. Kò tíì mọ̀. Ọ̀la ni mo ń lọ sọ fún un, mo sì ti mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá àwọn ọmọ yẹn máa ń jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, àyè wà nísàlẹ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ ṣí àkáǹtì pọ́íǹtì ẹ wò ná.