Ìbò Kì Í Ṣe Ogún Baba Ẹnikẹ́ni

Láti ìgbà tí ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2024 ti parí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀sùn kan ti ń dé etí wa, ẹ̀sùn náà sì ń bí wa nínú. Àwọn kan ń wí pé aláìmoore ni olùdìbò tí ó fi ẹgbẹ́ Democrat sílẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ Republican. Wọ́n ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, bí ẹni pé ó mulẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Àwa kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. A fẹ́ kí ó yé tọmọdé tàgbà pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó jẹ olùdìbò ní gbèsè. Olùdìbò kò jẹ ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ wo àgbègbè Starr ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ẹ̀bá ààlà ilẹ̀ Mẹ́síkò, níbi tí àwọn ìran tí ń sọ èdè Spéènì ti pọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Láti ọdún 1892 ni àgbègbè náà kò ti dìbò fún ẹgbẹ́ Republican mọ́ nínú ìdìbò Ààrẹ, títí ó fi di ọdún 2024 tí wọ́n gbé Donald Trump lékè. Odindi ọdún 132! Ǹjẹ́ ènìyàn a máa kó jáde lásán nínú ilé tí baba, baba-baba àti baba ńlá rẹ̀ gbé? Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí, àfi kí ó tú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

Ọdún 1854 ni a dá ẹgbẹ́ Republican sílẹ̀, kí oko ẹrú má baà tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun. Abraham Lincoln wọlé ní 1860. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1863, ó kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ń bá ìjọba jagun. Ní 1865, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ náà fòpin sí oko ẹrú. Ní 1870, àtúnṣe mìíràn wí pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìbò du ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn adúláwọ̀, tí a kó àwọn baba ńlá wọn ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ àwọn ará wa, dì mọ́ ẹgbẹ́ Lincoln.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹgbẹ́ náà fi ìfẹ́ yìí ṣe? Ní 1877, nígbà tí àríyànjiyàn lórí ìbò gbóná, Rutherford Hayes ti ẹgbẹ́ Republican gba ipò Ààrẹ, a sì kó àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ ní ìhà gúúsù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ Democrat ti gúúsù, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn olówó-ẹrú àtijọ́, bá gba ilẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní kí olùdìbò san owó kí ó tó dìbò. Wọ́n ní kí ó ṣe ìdánwò ìwé kíkà. Ẹni tí èyí kò bá sì dá dúró, wọ́n a fi okùn àti iná dá a dúró. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí ìdìbò bá dé, ẹgbẹ́ Republican a padà wá gba ìbò lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀ tí ó ṣì lè dìbò, ní orúkọ Lincoln tí ó ti kú. Àwọn baba wa ti wí i: a kì í ṣe oore kí a lóṣòó tì í.

Ní ọdún 1932 ni Robert Vann, olóòtú ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, dìde, tí ó sì gba àwọn ènìyàn rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n kọ ojú àwòrán Lincoln sí ògiri, nítorí gbèsè náà ti tán. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì gbà ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di 1936, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ti wà lẹ́yìn Franklin Roosevelt ti ẹgbẹ́ Democrat. Ìyàn ńlá ni ó wà nígbà náà. Iṣẹ́ àti oúnjẹ ni wọ́n rí gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọ́n di ojú wọ ilé tuntun. Roosevelt kò jẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ ti òfin tí yóò fi òpin sí pípa àwọn adúláwọ̀ láìsí ìdájọ́ lẹ́yìn, nítorí ó ń bẹ̀rù àwọn aṣòfin gúúsù tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn adúláwọ̀ kò ṣe dákẹ́. Ní 1941, A. Philip Randolph, aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin, wí pé òun yóò kó àwọn ènìyàn òun wọ ìlú Washington láti fi ẹ̀hónú hàn; kí ọjọ́ náà tó pé, Roosevelt fi ọwọ́ sí àṣẹ pé a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Ní 1948, Harry Truman pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ tán nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn Democrat gúúsù fi ìbínú jáde, wọ́n fa Strom Thurmond kalẹ̀, ó sì gba ìpínlẹ̀ mẹ́rin. Truman wọlé síbẹ̀síbẹ̀, ìbò àwọn adúláwọ̀ ní àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá sì wà lára ohun tí ó gbé e dúró. Ìbò tí ó lè rìn ni ó ń mú kí ìjọba rìn.

Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1964 ni Lyndon Johnson, Democrat láti Texas, fi ọwọ́ sí òfin ńlá tí ó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ní gbangba. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: bí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún ṣírò rẹ̀, àwọn aṣòfin Republican tí ó gba òfin náà wọlé ju ti àwọn Democrat lọ. Ṣùgbọ́n Barry Goldwater, ẹni tí ẹgbẹ́ Republican fà kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ ní ọdún náà gan-an, dìbò lòdì sí i. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ní ìsàlẹ̀ gúúsù bá lọ sọ́dọ̀ Goldwater. Vermont ní àríwá, tí ó ti ń dìbò fún Republican nínú gbogbo ìdìbò Ààrẹ láti 1856, bá lọ sọ́dọ̀ Johnson. Ilé méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ ayálégbé.

Níhìn-ín ni àwọn alátakò wa yóò ti dá wa dúró pé: àwọn aláwọ̀ funfun gúúsù náà fi ẹgbẹ́ baba wọn sílẹ̀, ṣé ẹ ó yìn wọ́n? Rárá o. Púpọ̀ nínú wọn lọ nítorí pé a fún ọmọnìkejì wọn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. A kò wí pé ire ni gbogbo ẹni tí ó bá kó jáde ń wá. Ohun tí a ń wí ni pé kí a dá ìdí rẹ̀ lẹ́jọ́, kí a fi ẹsẹ̀ tí ó rìn sílẹ̀. Ẹni tí ìkórìíra bá gbé lọ, kí a bá ìkórìíra rẹ̀ jà. Ẹni tí ó lọ nítorí pé a ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa, tí kò sì sí ẹni tí ó bi í bí ó ti ń jẹun, kí ẹgbẹ́ tí ó fi sílẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe.

West Virginia, ilẹ̀ àwọn tí ń wa èédú, dìbò fún Bill Clinton ti Democrat ní 1996. Láti ọdún 2000 kò tún dìbò fún Democrat kankan mọ́ nínú ìdìbò Ààrẹ. Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania wà lẹ́yìn Democrat láti 1992 títí dé 2012. Ní 2016 wọ́n lọ sọ́dọ̀ Trump. Ní 2020 wọ́n padà sọ́dọ̀ Joe Biden. Ní 2024 wọ́n tún lọ. Kí ẹgbẹ́ Republican tí ó borí má ṣe rò pé òun ti ra àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà, ní Houston, ní Maryland àti ní New York, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a ti yan ẹgbẹ́ fún yín nítorí àwọ̀ yín, tàbí nítorí ìjọ tí ẹ ń lọ. Ẹ bi àwọn méjèèjì léèrè ohun tí wọn yóò ṣe nípa owó ilé ìwé àwọn ọmọ yín, nípa ìwé ìgbélùú àwọn òbí yín, nípa ọlọ́pàá tí ó ń dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Níhìn-ín, ẹni tí a dìbò fún ni ó ń fò láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Ẹni tí ó dìbò a sì dúró sójú kan bí òpó ilé. Ẹ ó wí pé, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni yín. Ẹ kò ha ń gé ẹ̀ka tí ẹ jókòó lé? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń bẹ̀rù olùdìbò tí ó lómìnira ti kú kí a tó sin ín. Bí ẹgbẹ́ tiwa náà bá lóṣòó ti oore àná, tí kò ṣe ti òní, kí ẹ fi ìbò yín lé wa dìde.

Àwìn ni ìbò tí a fún olóṣèlú. Ọjọ́ ìdìbò tí ń bọ̀ ni ọjọ́ tí yóò san án.